Èdè Tí A Fi Sọ́wọ́ Ilé: Yorùbá, Ìdánimọ̀ Ẹ̀yà àti Ìlànà Ìjọba ní Becontree

Ìfáárà

Ọdún 1921 ni àwọn ìdílé àkọ́kọ́ kó wọ Becontree. London County Council ni ó kọ́ àdúgbò náà sórí ilẹ̀ oko ní Essex, lábẹ́ òfin ilé gbígbé ti ọdún 1919, fún àwọn òṣìṣẹ́ tí ilé híhá àti èéfín ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ti sú. Nígbà tí iṣẹ́ fi parí ní ọdún 1935, àwọn ilé náà ti ń lọ sí 26,000, àwọn tó ń gbé inú wọn sì ti lé ní 100,000. Kò sí àdúgbò ilé ìjọba mìíràn ní gbogbo ayé tó tóbi tó o lásìkò náà. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, Yorùbá ti di ọ̀kan lára àwọn èdè tí etí ń gbọ́ ní òpópónà Heathway, ní ibùdókọ̀, ní ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́sálásí. Àwọn òbí ń fi í kíni, wọ́n ń fi í bínú, wọ́n ń fi í gbàdúrà. Ọ̀pọ̀ ọmọ wọn gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dáhùn.

Ohun tó wà láàárín ìbéèrè òbí àti ìdáhùn ọmọ ni àpilẹ̀kọ yìí ń yẹ̀ wò. Ó ti mọ́ ọ̀pọ̀ lára láti di gbogbo ẹ̀bi ru òbí, bí ẹni pé inú yàrá ìjókòó nìkan ni èdè ti ń kú. Àwọn mìíràn a sì di gbogbo rẹ̀ ru ìjọba. Èrò tí a gbé kalẹ̀ níhìn-ín yàtọ̀ sí méjèèjì. Ìjọba Ìlú Ọba kò fòfin de Yorùbá rí. Ohun tó ṣe ni pé ó to èdè ní ipò ní ipò, ó fi òfin àti owó gbé àwọn kan ró, ó sì fi àwọn yòókù sọ́wọ́ ilé. Ìwé ìjọba mẹ́ta ni ẹ̀rí: ìròyìn ìgbìmọ̀ Swann ti ọdún 1985, Àdéhùn Yúróòpù lórí èdè àwọn ẹkùn àti ti àwùjọ kékeré, àti fọ́ọ̀mù ìkànìyàn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni a ó fi wé ohun tó wà nílẹ̀ ní Becontree.

Ta ni onílẹ̀, ta ni àlejò?

Kò sí ìdílé kan tó lè sọ pé òun bá baba ńlá òun nínú ilé Becontree. Àwọn tó kọ́kọ́ débẹ̀, àtìpó láti ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Ford ṣí ní Dagenham ní ọdún 1931, àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn tẹ̀ lé e wá láti Manchester. Òfin ilé gbígbé ti ọdún 1980 fún àwọn ayálégbé ìjọba ní ẹ̀tọ́ láti ra ilé tí wọ́n ń gbé. Ọ̀pọ̀ rà á. Nígbà tó yá, ọ̀pọ̀ tà á, àwọn kan lára ilé náà sì di ohun ìní àwọn onílé tó ń fi í gba owó orí. Ford dáwọ́ kíkó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ jọ dúró ní Dagenham ní ọdún 2002. Lásìkò kan náà, àwọn ìdílé tí owó ilé ti lé kúrò ní àárín Lọ́ńdọ̀nù, tí ọmọ Yorùbá wà lára wọn, rí i pé ibẹ̀ ni agbára àwọn ká.

Ìyípadà náà yá. Nínú ìkànìyàn ọdún 2001, àwọn aláwọ̀ funfun ọmọ Ìlú Ọba jẹ́ 80.9% nínú olùgbé Barking and Dagenham. Ní 2011, wọ́n jẹ́ 49.5%, ní 2021, 30.9%. Àwọn aláwọ̀ dúdú lé ní ìdá kan nínú márùn-ún ní 2021. Òṣèlú fi ìbẹ̀rù tó bá ìyípadà yìí rìn ṣe oúnjẹ. Ní ọdún 2006, ẹgbẹ́ BNP gba ìjókòó 12 nínú ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ náà. Ní ọdún 2007, Margaret Hodge, asòfin ẹkùn Barking, ẹni tí a bí ní Íjíbítì, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé ó yẹ kí ẹ̀tọ́ àwọn ìdílé tó ti pẹ́ nílẹ̀ tẹ̀wọ̀n ju ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà tí a bá ń pín ilé ìjọba. Ní ọdún 2010, BNP pàdánù gbogbo ìjókòó 12 náà. Ẹgbẹ́ náà lọ, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó fi jà kò lọ: ta ni onílẹ̀, ta ni àlejò?

Lórí ọ̀rọ̀ èdè, ìtàn ní ìdáhùn tó lè ya ẹni lẹ́nu. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Àjàyí Crowther kọ, ní ọdún 1843. Ní ọdún 1922, nígbà tí bíríkì ilé Becontree ṣì tutù, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti wá sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kọ orin Yorùbá sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone. Ní ọdún 1925, Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀ ní ìlú kan náà. Bí a bá ń ka ọjọ́, Yorùbá ti wà nínú ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún 78 kí ẹnikẹ́ni tó gba kọ́kọ́rọ́ ilé ní Becontree. Èyí kò sọ Yorùbá di onílẹ̀ Essex, kò sì yẹ kí a fi í jagun. Ohun tó fi hàn ni pé ọ̀rọ̀ náà «àlejò», nígbà tí a bá lò ó fún èdè, ìpinnu ìjọba ló sábà ń gbé e dúró. Ọjọ́ orí èdè náà nínú ìlú kì í tó ìdí.

Swann: ẹrù tí a gbé lé àwùjọ lórí

Ìlànà tó ń darí ọ̀rọ̀ èdè abínibí nínú ilé ẹ̀kọ́ ní England kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìkóríra. Ìròyìn Bullock ti ọdún 1975 sọ ọ́ kedere pé kò yẹ kí ọmọ bọ́ èdè ilé rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ bí ẹni bọ́ bàtà. Ní ọdún 1977, àjọ tó di Ìṣọ̀kan Yúróòpù lónìí pa á láṣẹ pé kí àwọn orílẹ̀-èdè máa ran kíkọ́ èdè abínibí àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ àtìpó lọ́wọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ìròyìn Swann ti ọdún 1985. Ìgbìmọ̀ náà gbà pé èdè wọ̀nyí ní iyì; ó gbà pé ilé ẹ̀kọ́ gíga lè fi wọ́n kún èdè àjèjì tí wọ́n ń kọ́. Ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́ àwọn àwùjọ tó ni wọ́n ni láti mú wọn wà láàyè, kì í ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba.

Ó yẹ kí a ṣe ẹ̀tọ́ fún ìgbìmọ̀ náà. Ẹ̀rù ń bà á pé bí a bá ń yọ àwọn ọmọ kan kúrò láàárín ẹgbẹ́ wọn láti lọ kọ́ èdè ilé wọn, ìyàsọ́tọ̀ ni yóò bí, lásìkò tí ẹlẹ́yàmẹ̀yà ń rìn ní gbangba ní ìgboro. Àléébù ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé ó gbé ẹrù lé ọrùn àwùjọ láìbéèrè irú ọrùn tí àwùjọ náà ní. Láàárín ọdún 1950 sí ọdún 1980 àti díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ òbí láti Nàìjíríà tó ń kàwé tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ní Ìlú Ọba gbé ọmọ wọn fún àwọn aláwọ̀ funfun tọ́, wọ́n sì ń san owó. Fíìmù *Farming* tí Adewale Akinnuoye-Agbaje darí ní ọdún 2018 wá láti inú irú ìgbésí ayé bẹ́ẹ̀: òbí Yorùbá ni ó bí i, Tilbury ní Essex ni wọ́n ti tọ́ ọ, kò sì jìnnà sí Dagenham. Ọmọ tí ó ń ti inú irú ilé bẹ́ẹ̀ bọ̀ kò ní ẹni tí yóò bá a sọ èdè náà. Nígbà tí Swann sọ pé kí «àwùjọ» ṣe é, apá kan nínú àwùjọ Yorùbá kò tilẹ̀ sí lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀.

Àìrí náà wà nínú ìmọ̀ pẹ̀lú. Iṣẹ́ ìwádìí tó tóbi jù lórí èdè àwùjọ kékeré ní England lásìkò náà, Linguistic Minorities Project, tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ọdún 1985 kan náà. Èdè 11 ni ìwádìí rẹ̀ láàárín àwọn àgbàlagbà gbájú mọ́. Èdè Áfíríkà kankan kò sí lára wọn. Àjọ ẹ̀kọ́ àárín Lọ́ńdọ̀nù, ILEA, ń ka èdè àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n àṣẹ rẹ̀ kò dé Barking and Dagenham.

Èso ìpinnu yẹn ń hàn títí dòní nínú yàrá ìdánwò. Ọmọ Becontree tí òbí rẹ̀ ń sọ Polish, Urdu, Bengali, Panjabi, Gujarati tàbí Turkish lè jókòó fún GCSE nínú èdè ilé rẹ̀, kí ìmọ̀ ìyá rẹ̀ sì di máàkì nínú ìwé ẹ̀rí. Nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ìdánwò fẹ́ pa díẹ̀ lára wọn tì ní ọdún 2015, ariwo sọ, ìjọba sì dá sí i. Yorùbá kò sí nínú àríyànjiyàn náà nítorí kò sí GCSE Yorùbá tí wọn ìbá pa tì. Kò sí ti èdè ìbílẹ̀ ilẹ̀ adúláwọ̀ kankan. Yorùbá rí àyè díẹ̀ nínú ìdánwò Asset Languages ti OCR ní ẹ̀wádún àkọ́kọ́ ọ̀rúndún yìí, kí wọ́n tó ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe pé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣàìní ìwé ní Lọ́ńdọ̀nù: SOAS ń kọ́ni ní Yorùbá, ìwé atúmọ̀ èdè R. C. Abraham sì ti jáde láti ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1958. Yunifásítì mọ èdè náà. Ilé ẹ̀kọ́ gíga kò mọ̀ ọ́n. Àlàfo tó wà láàárín méjèèjì ni ọ̀dọ́ Becontree ń já sí.

Àdéhùn Yúróòpù: èdè tó ní ilẹ̀ àti èdè tí kò ní

Ìlú Ọba fọwọ́ sí Àdéhùn Yúróòpù lórí èdè àwọn ẹkùn àti ti àwùjọ kékeré ní ọdún 2000, ó sì sọ ọ́ di òfin fún ara rẹ̀ ní ọdún 2001. Welsh, Gaelic ti Scotland, Irish, Scots, Ulster Scots, Cornish àti Manx ni ó wà lábẹ́ ààbò rẹ̀. Àdéhùn náà ní èdè tí a ti ń sọ ní ẹkùn kan láti ìrandíran ni òun ń dáàbò bò. Ó sì yọ èdè àwọn àtìpó sílẹ̀ ní tààrà.

Ìtọ́jú èdè wọ̀nyí tọ́. Wọ́n ti fìyà jẹ ọmọ Wales nítorí Welsh, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti fìyà jẹ ọmọ Yorùbá nítorí Yorùbá. Dolly Pentreath, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ẹni ìkẹyìn tó fi Cornish ṣe èdè abínibí, kú ní ọdún 1777. Pé a tún ń fi èdè náà kọ́ ọmọdé lónìí jẹ́ ohun ìwúrí. Àríwísí tó wà níbí kò kan èdè tí a gbé ró. Ìwọ̀n tí a lò ni ó kàn. Àdéhùn náà ń béèrè pé kí èdè ní ilẹ̀ àti ìran, síbẹ̀ àwọn orílẹ̀-èdè kan ti lò ó fún èdè tí ìṣíkiri ló gbé wọn dé. Sweden fi í dáàbò bo Romani àti Yiddish. Cyprus fi í dáàbò bo Armenian. Nítorí náà, «ìbílẹ̀» kì í ṣe ohun tí ó ń hù láti inú ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Àkókò ń sọ àtìpó di ìbílẹ̀, bí ìjọba bá gbà.

Ipò yìí ń hàn kedere jù nínú òfin ìjẹ́-ọmọ-onílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ di ọmọ Ìlú Ọba gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Welsh tàbí Gaelic ti Scotland. Lójú òfin, ìyá kan ní Becontree lè fi Welsh, tí kò sí ẹni tí yóò bá a sọ ọ́ ní Parsloes Avenue, di ọmọ onílẹ̀. Yorùbá tó fi tọ́ ọmọ mẹ́ta kò ní ìwọ̀n kankan lórí òṣùwọ̀n náà. Ó bọ́gbọ́n mu kí ìjọba béèrè Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí kò gbọ́ ọ yóò jìyà lọ́dọ̀ dókítà àti lẹ́nu iṣẹ́. Àmì tí òfin náà fi ránṣẹ́ ni ọ̀ràn: pé èdè kan lè jẹ́ ẹ̀rí pé ènìyàn wà lára ìlú, òmíràn kò sì lè jẹ́ ohunkóhun. Ìmọ̀ràn tí ìjọba fún àwọn ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ ní ọdún 2007, àti èyí tí mínísítà Eric Pickles tún fún wọn ní 2013, pé kí wọ́n dín ìtúmọ̀ ìwé kù, fi kún un. Nínú àwọn ìmọ̀ràn méjèèjì, ìnáwó àti ìdènà ìrẹ́pọ̀ ni wọ́n ka èdè mìíràn sí.

Fọ́ọ̀mù ìkànìyàn: ìbéèrè tó mọ ìdáhùn tó fẹ́

Ọdún 1991 ni ìkànìyàn Ìlú Ọba kọ́kọ́ béèrè ẹ̀yà. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti rí ara wọn ni abẹ́ àkọlé aláwọ̀ dúdú, ọmọ Áfíríkà. Àwọ̀ ara àti kọ́ńtínẹ́ǹtì ni àkọlé náà. Kò sí èdè nínú rẹ̀, kò sí ìlú, kò sí oríkì. Ìjẹ̀ṣà àti Ṣómálíà di ọ̀kan. Ní 2021 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ àkọlé náà kí ènìyàn lè kọ orírun rẹ̀ gan-an sí i.

Ti èdè tún gba àròjinlẹ̀. Ọdún 2011 ni ìkànìyàn kọ́kọ́ béèrè èdè lọ́wọ́ gbogbo ará England, «olórí èdè» kan ṣoṣo ni ó sì béèrè. Ẹni tó bá kọ èdè tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni fọ́ọ̀mù náà tún bi pé báwo ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ti dára tó. Nọ́ọ̀sì tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́, tó sì ń fi Yorùbá bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, yóò kọ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì parọ́. Ṣùgbọ́n bó ti kọ ọ́ báyìí, Yorùbá ti pa rẹ́ kúrò nínú ilé rẹ̀ lójú ìjọba. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n lò ní Wales béèrè bóyá ènìyàn gbọ́ Welsh, bóyá ó lè sọ ọ́, kà á, kọ ọ́. Ti Scotland ní 2011 béèrè èdè tí ènìyàn ń lò nílé yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì. Ó hàn gbangba pé ìjọba mọ bí a ti ń béèrè ìmọ̀ èdè gẹ́gẹ́ bí ohun ìní. Ní England, àléébù ni ó ń wá.

Irú ojú kan náà wọ ilé ẹ̀kọ́. Láti ọdún 2016, ìjọba ní kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ máa kọ ìpele Gẹ̀ẹ́sì ọmọ tó ní èdè mìíràn nílé, kí wọ́n sì kọ orílẹ̀-èdè rẹ̀ àti ibi tí a bí i sí. Àwọn òbí kọ̀, nítorí wọ́n fura pé iṣẹ́ ìwọ̀lú ni ìwé náà ń bá rìn. Ní 2018, wọ́n dá ìbéèrè wọ̀nyí dúró. Òbí tó bá ti kọ́ pé fọ́ọ̀mù lè di ìdẹ kò ní yára sọ fún ilé ẹ̀kọ́ pé Yorùbá ni àwọn ń sọ nílé. Ìfura òbí ń sọ èdè di aláìrí, àìrí náà sì tún di ẹ̀rí pé kò sí ohun tó yẹ ní ṣíṣe.

Àwọn àtakò tó lágbára

Àtakò àkọ́kọ́ ni iye. Ìwádìí kan tó jáde ní ọdún 2000 rí èdè tó lé ní 300 lẹ́nu àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Lọ́ńdọ̀nù. Ta ni yóò kọ́ gbogbo wọn? Òótọ́ ni pé ìjọba kò lè gba olùkọ́ fún èdè kọ̀ọ̀kan ní ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nínú ìwádìí kan náà, Yorùbá wà lára mẹ́wàá tó pọ̀ jù. Sweden sì ti fi òfin fún àwọn ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ èdè ilé wọn láti ìparí ẹ̀wádún 1970, bí àwọn ọmọ bá pé iye kan tí olùkọ́ sì wà. Ìdánwò kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè kò ná ìjọba tó olùkọ́ ẹgbẹ̀rún kan.

Àtakò kejì ni pé Yorùbá kì í ṣe èdè tó ń kú. Ọ̀kẹ́ àìmọye ló ń sọ ọ́ ní Nàìjíríà, ní Benin àti ní Togo. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n àlàáfíà èdè ní Ìbàdàn kò wo ìpalára rẹ̀ sàn nínú ilé kan ní Becontree. Ẹni tí àìsàn ìgbàgbé bá mú lọ́jọ́ ogbó lè pàdánù Gẹ̀ẹ́sì tó kọ́ lágbà, kí ó padà sí èdè tó fi dàgbà. Bí ọmọ rẹ̀ kò bá lè dáhùn, tí olùtọ́jú kò sì gbọ́, àgbà náà yóò dá wà láàárín ènìyàn. Kò sí iye olùsọ ní Ọ̀yọ́ tó lè dí ihò yẹn.

Àtakò kẹta ló kan ilé jù: àwọn Yorùbá fúnra wọn ni wọ́n kọ̀ láti sọ ọ́. A kò lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ òbí gbà gbọ́ pé Yorùbá yóò ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́. Inú wọn a sì dùn bí ọmọ bá ń sọ̀rọ̀ bí ará Essex. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ yìí kò bẹ̀rẹ̀ ní Heathrow. Ó ti wà nílé ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà, níbi tí wọ́n ti ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀. Ìdánwò Ifẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá darí láti ọdún 1970 fi hàn pé ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún mẹ́fà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìlànà ẹ̀kọ́ ti ọdún 1977 tẹ̀ lé apá kan nínú rẹ̀ lórí ìwé. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ tún kéde èdè abínibí fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní ọdún 2025, mínísítà ẹ̀kọ́ tó wà nípò kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Ìjọba tó ni ilẹ̀ Yorùbá kò tíì pinnu ohun tó fẹ́ fi èdè náà ṣe. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: òbí tí a kọ́ ní Abẹ́òkúta pé ẹ̀ṣẹ̀ ni Yorùbá nínú kíláàsì, ó ṣòro fún un láti kọ́ ọmọ rẹ̀ ní Becontree pé ọrọ̀ ni.

Ìkádìí

Ìwé mẹ́ta tí a yẹ̀ wò kò sọ ọ̀rọ̀ burúkú kan sí Yorùbá. Agbára wọn wà nínú ohun tí wọn kò béèrè. Swann kò béèrè bóyá àwùjọ ní agbára láti gbé ẹrù náà. Àdéhùn Yúróòpù kò béèrè ìgbà tí àtìpó ń di ará ilé. Fọ́ọ̀mù ìkànìyàn kò béèrè ohun tí ènìyàn mọ̀, àfi ohun tó kù fún un. Òbí tó ń dákẹ́ ní Yorùbá ń gbọ́ ìdákẹ́ wọ̀nyí, ó sì ń fi ìtìjú tó gbé wá láti ilé kún un.

Ohun tó yẹ ní ṣíṣe kò ga ju ọwọ́ lọ. GCSE Yorùbá yóò fún ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Sátidé ní ibi tí ó ń lọ, yóò sì fún ọmọ ní ìdí tí ojú lè rí. Ìbéèrè ìkànìyàn irú ti Wales yóò sọ òtítọ́ nípa ilé tó ń sọ èdè méjì. Ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ tó ní ilé àkójọ ìwé ìtàn ní Valence House, láàárín Becontree gan-an, lè kó ohùn àwọn àgbà Yorùbá jọ pẹ̀lú ti àwọn tó wá láti ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, nítorí ìtàn ìṣíkiri kan náà ni. Èyí tí ìjọba kankan kò lè ṣe ni kí òbí tún ìbéèrè rẹ̀ bi ní Yorùbá, kí ó sì dúró de ìdáhùn.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Becontree mọ ìtumọ̀ ilé tí a kọ́ fún ènìyàn tí ó sì di títà láàárín ìran kan. Ilé lè padà, bí owó bá wà. Èdè tí ìran kan bá jẹ́ kó bọ́ nílé, owó kò rí i rà padà. Ẹnu ẹni tó ń sọ ọ́ ni a ti ń gbà á, kí ẹnu náà tó dákẹ́.